Ọkọ̀ ìgbòkun ẹsẹ̀ bàtà 24 láìsí ẹ́ńjìnì, ẹnì kan ṣoṣo: láti Èkó dé São Tomé

ỌmọẸbúté

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà ojú omi. Ọkọ̀ fáíbà kan wà nílẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 24, òpó kan, ìgbòkun ńlá kan àti ti iwájú kan, kíìlì (egungun abẹ́ ọkọ̀) gígùn, ọwọ́ igi ni wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì onísílíńdà kan tó wà nínú rẹ̀ ti nọ́ọ̀kì, owó tí mẹkáníìkì sì ń pè fún àtúnṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ yọ ọ́, kí n má fi òmíràn rọ́pò. Afẹ́fẹ́, àjẹ̀ àti ìdákọ̀ró ni màá máa lò.

Apá Ẹbútẹ́ Mẹ́ta ni ọkọ̀ wà. Lẹ́yìn ìdánrawò lójú ọ̀sà, erékùṣù São Tomé ni mo fẹ́ forí lé, èmi nìkan. Àwọn kan ní kí n kọ́kọ́ lọ sí Kútọnu torí ibẹ̀ ló sún mọ́ wa jù. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe sí ọkọ̀ yìí, báwo ni èèyàn sì ṣe ń jáde ní Èkó láìsí ẹ́ńjìnì?

Káfíńtà_Omi

Àbúrò, yíyọ ẹ́ńjìnì kò le. Àwọn ihò tó máa fi sílẹ̀ ni kó o rò.

Tó o bá fẹ́ gbé e jáde, má fi igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun nìkan gbé e, yóò ṣẹ́. Fi okùn tó ń fa ìgbòkun ńlá sókè di orí igi náà mú dáadáa, kó o tó so ṣéènì bìlọ́ọ̀kù mọ́ ọn. Ẹ́ńjìnì onísílíńdà kan pẹ̀lú jíà rẹ̀ lè wọn kílò 100. Kó o tà á ní Ládípọ̀, ẹnìkan á rí nǹkan yọ lára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀. Fa irin tó ń yí búlédì (abẹ̀bẹ̀ abẹ́ omi tó ń ti ọkọ̀ lọ) jáde, gé páìpù tó gba inú rẹ̀ kọjá kó bá ara ọkọ̀ dọ́gba. Ihò kékeré lójú ni, ṣùgbọ́n má kàn fi résìn dí i kó o sì kun ún. Fi gíráńdà fá etí rẹ̀ láti ìta kó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìlọ́po 12 bí ara ọkọ̀ ṣe nípọn. Bí ara ọkọ̀ níbẹ̀ bá nípọn tó milimítà 10, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12 yíká ihò. Ó máa ń ba èèyàn lẹ́rù láti fá odidi ibi tó dára tó bẹ́ẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n fífẹ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí fáíbà tuntun di ti àtijọ́ mú.

Epoxy (résìn tí a ń po agolo méjì rẹ̀ pọ̀ kó tó dì) ni kó o lò, kì í ṣe résìn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi ṣe táǹkì. Résìn yẹn máa ń lẹ̀ mọ́ra rẹ̀ nígbà tó bá ṣì tutù, kì í di fáíbà àtijọ́ tó ti gbẹ mú dáadáa, abẹ́ omi sì ni ibi tá à ń sọ yìí. Tó o bá ń ra ọjà ní Ọ̀jọ́ta, wo ara agolo fúnra rẹ, má gba èyí tí wọ́n bù sínú ike. Aṣọ fáíbà gíráàmù 600, àwẹ́ kan máa ń nípọn tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin milimítà, nítorí náà milimítà 10 á gba bí àwẹ́ 13. Gé wọn kí ọ̀kan máa tóbi ju èkejì lọ. Páìpù inú lọ́hùn-ún, epoxy tí a fi ìyẹ̀fun rẹ̀ pò kó ki ni kó o fi kún un, sẹ̀ǹtímítà méjì méjì lẹ́ẹ̀kan. Bó o bá dà á kún lẹ́ẹ̀kan náà, ooru ara rẹ̀ á mú kó máa rú èéfín, á sì sán.

Ooru Èkó kì í ṣe ọ̀rẹ́ epoxy. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 ga, àkókò tó o ní kó tó dì máa ń dín sí ìdajì. Po gíráàmù 200 péré lẹ́ẹ̀kan, dà á sínú àwo tó tẹ́ pẹrẹsẹ, má fi í sínú ife. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá kejì: lójú epoxy tó ti gbẹ, ohun kan máa ń yọ tó ń yọ̀ lọ́wọ́. Omi lásán àti kànìnkànìn tó nípọn ni kó o fi fọ̀ ọ́ kúrò KÍ o tó fi sáńpépà kàn án. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi sáńpépà rà á ti rọ ọ́ wọ inú ara ọkọ̀, àwẹ́ tó bá lé e kò ní dúró. Àsìkò ọyẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí.

Má gbàgbé ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń fa omi tútù àti èyí tí èéfín ń gbà jáde. Dí gbogbo rẹ̀.

ỌmọẸbúté

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Tí kílò 100 bá kúrò ní ìdí ọkọ̀, ṣé iwájú kò ní rì?

Káfíńtà_Omi

Yóò rì díẹ̀. Omi mímu ni kó o gbé sí ibi tí ẹ́ńjìnì wà tẹ́lẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 10, mẹ́wàá, jẹ́ kílò 100 gan-an, ó sì jẹ́ omi ọjọ́ 25 fún ẹnì kan tó bá ń lo lítà mẹ́rin lóòjọ́. Kẹ́ẹ̀gì sàn ju táǹkì kan lọ: bí ọ̀kan bá jò tàbí tó bàjẹ́, mẹ́sàn-án ṣì wà. Fi okùn àti pákó há wọn mọ́lẹ̀, torí kẹ́ẹ̀gì tó bá ń yí kiri nínú ọkọ̀ lè fọ́ ẹsẹ̀ èèyàn. Èyí tó bá ti tán, da omi òkun kún un kí ọkọ̀ má bàa fì, kó o sì so ọ̀já pupa mọ́ ọrùn rẹ̀ kó o má bàa fi òùngbẹ òru gbé e mu.

Ohun rere kan wà níbẹ̀: kò sí búlédì lábẹ́ ọkọ̀ mọ́, nítorí náà kò sí ohun tó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, kò sì sí síńkì ara irin tí o máa máa pààrọ̀.

ÌyáAlájẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àjẹ̀ torí gbogbo èèyàn máa ń kà á sí ohun kékeré.

Fún ọkọ̀ yìí, àjẹ̀ kan ṣoṣo ní ìdí ọkọ̀, tí ó gùn tó mítà mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ igi tó wúwo, ìrókò á pa ọ́ léjìká. Igi afárá tó gbẹ dáadáa, tí okùn ara rẹ̀ tọ́, tí kò ní ojú. Lé pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ fi epoxy lẹ̀ ẹ́, ó lágbára ju odidi igi kan lọ. Kí ẹnu àjẹ̀ náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 18. Gé ihò bí ìdajì òṣùpá sí ìdí ọkọ̀, díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kó má bàa kan ìtọ́kọ̀, kó o fi awọ wé ara àjẹ̀ níbi tó ti ń ra ihò yẹn.

Ìdúró lẹ̀ ń fi í ṣe, ẹ ń fì í lọ fì í bọ̀ ní ìrísí 8, ẹ ò ní yọ ọ́ nínú omi rárá. Lójú omi tó dákẹ́, ẹnì kan lè rí máìlì òkun kan sí ọ̀kan ààbọ̀ ní wákàtí. Ìwọ̀n yẹn tó láti kúrò níbi ìso ọkọ̀, láti yẹra fún òpó afárá, láti dé ibi tí o máa ju ìdákọ̀ró sí. Kò tó láti bá omi tó ń ṣàn jà. Ẹni tó bá fẹ́ fi àjẹ̀ ta ko omi jíjáde lábẹ́ afárá Carter ń fi agbára ṣòfò, ó sì lè fi òpó ọkọ̀ rẹ̀ ṣòfò pẹ̀lú.

Òpó ńkọ́? Ẹbútẹ́ Mẹ́ta lẹ wà, àwọn afárá ló sì wà láàárín yín àti òkun, ẹ gba Ìddó o, ẹ gba Fálọmọ́ o. Òpó gbọ́dọ̀ ṣeé dà sílẹ̀: ìdí rẹ̀ nínú àpótí irin tó ní bóòtù kan tó ń yí, pẹ̀lú igi kan tó dúró ṣánṣán níwájú tí okùn ń gbà fà á. Ẹ dà á sílẹ̀ kí ẹ tó dé afárá, nígbà tí omi bá dúró láàárín wíwọlé àti jíjáde, ẹ fi àjẹ̀ gbà á kọjá, kí ẹ tún un gbé ní apá Marina tàbí Apápá lẹ́yìn tí ẹ bá ti ju ìdákọ̀ró. Ẹ má ṣe gbogbo ìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ jáde sí òkun. Ẹ fi ọjọ́ kan sí àárín kí ẹ fi yẹ gbogbo wáyà wò.

Atukọ̀_Àgbà

Ọ̀rọ̀ ìyá ti parí iṣẹ́ inú ọ̀sà. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti Marina jáde.

Ní ẹnu Èkó, láàárín odi òkúta ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn, gbogbo omi ọ̀sà ló ń gba ojú ọ̀nà kan ṣoṣo jáde. Ìyàtọ̀ omi kíkún àti omi fífà kò ju bíi mítà kan lọ lásìkò òṣùpá tuntun àti àránmọ́jú, èyí sì máa ń tan àlejò. Ọ̀sà fẹ̀, ẹnu rẹ̀ há, nítorí náà omi díẹ̀ yẹn ń sáré. Láti oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá, nígbà tí omi òjò bá ti kún láti odò Ògùn àti àwọn yòókù, omi jíjáde máa ń le sí i, ó sì máa ń pẹ́ ju omi wíwọlé lọ.

Afẹ́fẹ́ etíkun wa, láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn ló ń fẹ́ ní ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọdún, ọ̀sán ló sì máa ń le. Tí afẹ́fẹ́ ọ̀sán bá pàdé omi tó ń jáde ní ẹnu odi, ìgbì á ga, á súnmọ́ra, á máa fọ́. Ọkọ̀ tí kò ní ẹ́ńjìnì kò ní ohunkóhun láti ṣe níbẹ̀. Nítorí náà ìdájí la ń jáde. Láti ọ̀gànjọ́ títí di bí aago mẹ́jọ àárọ̀, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ máa ń rọra wá láti àríwá, ó sì máa ń dára jù lásìkò ọyẹ́. Wá ọjọ́ tí omi ti ń jáde láti bí aago méjì òru. Àkókò rẹ̀ ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ sí i lójoojúmọ́, nítorí náà ọjọ́ bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa bọ́ sí i nínú ọ̀sẹ̀ méjì. Gbéra nígbà tí omi jíjáde bá dé ìdajì, kó o lè la àárín odi méjèèjì kọjá nígbà tó ti ń rọlẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ, ìyẹn apá ìwọ̀-oòrùn, ni kó o fà mọ́. Òfin ojú omi ní kí ọkọ̀ kékeré àti ọkọ̀ ìgbòkun má dí ọkọ̀ ńlá lọ́wọ́ ní ojú ọ̀nà tóóró, apá ibẹ̀ náà sì ni Tarkwa Bay wà. Bí afẹ́fẹ́ bá kú lójijì, ya síbẹ̀, ju ìdákọ̀ró, sun, gbìyànjú lọ́la. Ìdákọ̀ró gbọ́dọ̀ ti wà níwájú ọkọ̀, kí okùn rẹ̀ ti wà ní títò, kí nǹkan kan má dè é. Bíréèkì rẹ nìyẹn, ìwọ tí kò ní rifáàsì.

Tó o bá ti bọ́ síta, o ní títí di bí aago mọ́kànlá kí afẹ́fẹ́ òkun tó dé. Fi àkókò yẹn ra máìlì sí gúúsù, kó o sì yẹra fún àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń dúró ní ìta. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ gúúsù-ìwọ̀-oòrùn bá dé, jẹ́ kó máa bà ọ́ láti ọwọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ kíìlì gígùn tó bá ń lọ ní ìwọ̀n 50 sí ojú afẹ́fẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kọjú sí gúúsù gan-an.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Láti Èkó sí São Tomé jẹ́ nǹkan bíi máìlì òkun 415 bí ẹyẹ bá fò ó, ìwọ̀n 150 lórí kọ́ńpáàsì. Má kọjú sí i tààrà. Ìṣàn òkun Guinea ń gbé gbogbo ohun tó bá léfòó lọ sí ìlà-oòrùn, bíi máìlì kan ní wákàtí, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn jẹ́ máìlì 24 lóòjọ́ tí o kò fẹ́. Etíkun náà sì ń tẹ̀ bọ̀ sí gúúsù-ìlà-oòrùn lọ sí ẹnu odò Ọya, nítorí náà afẹ́fẹ́ àti ìṣàn ń tì ọ́ lọ sí ibì kan náà. Ọ̀nà tààrà tún ń gba ìtòsí pápá epo Bonga kọjá, ó jìnnà sí etíkun tó kìlómítà 120, àwọn ọkọ̀ iṣẹ́ sì ń lọ ń bọ̀ níbẹ̀. Mítà 500 yí iṣẹ́ epo lójú òkun ká, èèwọ̀ ni. Lọ sí gúúsù gan-an kó o tó ronú ìlà-oòrùn, ó kéré tán títí dé ìwọ̀n 3 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé. Láti ibẹ̀, dẹ okùn ìgbòkun díẹ̀, jẹ́ kí ọkọ̀ sáré.

ỌmọẸbúté

Bàbá, ẹ ṣé. Kútọnu ńkọ́? Kò ju máìlì 60 lọ.

Atukọ̀_Àgbà

Kò ju 60 lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀-oòrùn ló wà. Ojú afẹ́fẹ́ àti ojú ìṣàn ni. Ọkọ̀ rẹ lè máa rìn máìlì mẹ́ta ní wákàtí nínú omi, kí ó jẹ́ pé ọ̀kan péré lo rí jẹ lórí ilẹ̀, etíkun sì wà lábẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ ní gbogbo ìgbà tí o bá ń yí. Tí o bá sùn, o bá iyanrìn. Àwọn ọkọ̀ ìgbòkun ayé àtijọ́ tó ń kúrò ní etíkun wa padà sí Yúróòpù kì í tẹ̀ lé etíkun lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Gúúsù ni wọ́n ń lọ, títí wọ́n á fi pàdé afẹ́fẹ́ gúúsù-ìlà-oòrùn ní ìtòsí ìlà agbedeméjì ayé, kí wọ́n tó yí sí ìwọ̀-oòrùn. Fún ọkọ̀ bíi tìrẹ, São Tomé rọrùn ju Kútọnu lọ. Bí ìṣàn bá sì gbé ọ lọ sí ìlà-oòrùn jù, Príncipe wà ní bíi máìlì 80 sí àríwá-ìlà-oòrùn São Tomé, o lè wọ ibẹ̀ sinmi.

Ìjọra_Yamaha

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Kí ló dé tí kò fi ra ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré, agbára ẹṣin márùn-ún, kó kàn fi jáde, kó gbé e sínú ọkọ̀ tó bá dé òkun? Gbogbo ìṣirò omi àti òṣùpá yìí fún kí ni?

ÌyáAlájẹ̀

Inú ọ̀sà, kò burú. Ìta, kò wúlò. Bí ìgbì bá gbé ìdí ọkọ̀ sókè, búlédì á yọ lójú omi, á máa hó lásán. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀, orí ẹ́ńjìnì á wọ omi iyọ̀. Ẹnu odi Èkó sì ni ibi tí ìyẹn ti máa ń ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ gan-an lẹ ní kó lò ó. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e kì í dúró de omi, á jáde lọ́sàn-án.

Ìjọra_Yamaha

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n fún gbígba abẹ́ afárá, èmi á ṣì gbé ti mi dání.

Okùn_àti_Wáyà

Wáyà òpó. Ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 24 sábà máa ń lo wáyà stainless milimítà mẹ́rin tàbí márùn-ún, oní-okùn 19. Bí kò bá sí ẹni tó mọ ọjọ́ orí rẹ̀, pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Fún òkun, tí ó bá jẹ́ mẹ́rin, fi márùn-ún sí i. Wáyà kì í já láàárín, ibi tó ti wọ inú irin ìsàlẹ̀ ló máa ń já, torí omi iyọ̀ ń ṣàn sọ̀kalẹ̀ dúró síbẹ̀. Fi òwú nù ún lọ sókè lọ sílẹ̀: ibi tó bá fa òwú, okùn kan ti já níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti já, wáyà yẹn ti parí iṣẹ́.

Irin pẹlẹbẹ tí wáyà so mọ́ lára ọkọ̀ ló ń pa òpó jù. Lójú, ó ń dán. Tú u jáde, wo apá tó wà nínú fáíbà, níbi tí afẹ́fẹ́ kò dé: bí ó bá ní ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí ihò wínníwínní, ju ú nù. Tí wẹ́dà bá máa ṣe tuntun, sọ fún un pé stainless 316 lo fẹ́. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní stainless lọ́jà jẹ́ 304, ti ilé ìdáná, mágnẹ́ẹ̀tì kò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn ọ́.

Ìdákọ̀ró: kílò 10 tó ní ẹnu bí ọkọ́, ṣéènì milimítà mẹ́jọ, mítà 10, okùn nylon milimítà 12, mítà 80. Àwọn kan máa sọ pé mítà 50 tó. Kò tó, torí ọ̀nà ọkọ̀ ńlá jìn ju mítà 13 lọ, o sì nílò okùn tó gùn tó ìlọ́po márùn-ún jíjìn omi. Èyí tí àwọn apẹja fi irin kọnkéré ṣe, ẹlẹ́nu mẹ́rin, ó dára lórí òkúta. Nínú ẹrẹ̀ Èkó, ńṣe ló máa ń fà bọ̀. Gbé ìdákọ̀ró kejì dání, kílò méje tàbí mẹ́jọ. Má ra okùn búlúù tó ń léfòó fún iṣẹ́ yìí. Kì í nà, oòrùn ń jẹ ẹ́, búlédì ọkọ̀ ẹlòmíràn á sì ká a.

Ìgbòkun: aṣọ kì í kọ́kọ́ bàjẹ́, òwú ìránṣọ ni oòrùn ń pa. Fi èékánná fa òwú náà. Bí ó bá já, tún gbogbo ojú ìrán rán, ìlà mẹ́ta, òwú polyester. Ọ̀nà mẹ́ta ni kí ìgbòkun ńlá ṣeé ká kéré. Kí ìgbòkun iwájú kékeré kan tó nípọn wà. Àwọn tó ń kó iyanrìn lójú ọ̀sà ń fi àpò ìrẹsì tí wọ́n rán pọ̀ ṣe ìgbòkun, ó sì ń gbé wọn: mítà díẹ̀ irú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ńlá àti tápólì dára fún àtúnṣe lójú òkun. Lásìkò ọyẹ́, eruku máa ń wọ inú okùn àti kẹ̀kẹ́ okùn, ó ń fá wọn bíi sáńpépà. Fi omi tútù fọ̀ wọ́n.

ỌmọẸbúté

Ta ni yóò máa darí rẹ̀ tí mo bá sùn?

Afẹ́fẹ́_Ń_Darí

Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Windvane ni wọ́n ń pè é: pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó dúró ní ìdí ọkọ̀, afẹ́fẹ́ á tì í, òun náà á yí abẹ́ kan nínú omi, ìyára ọkọ̀ á fún un ní agbára láti fa ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Blondie Hasler lo irú rẹ̀ lórí Jester, ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 25, nínú ìdíje ẹlẹ́nìkan tó kọjá Atlantic ní 1960. Kò jẹ iná. Àìlera rẹ̀ ni pé tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀ tó sì ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, kò mọ ibi tó ń lọ.

Owó rẹ̀ ga. Èyí tó o lè ṣe nílé: mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ara okùn tó ń di ìgbòkun iwájú, gbà á nínú kẹ̀kẹ́ okùn wá sí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ láti apá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ní apá kejì, so rọ́bà ihò oníṣègùn, fífẹ̀ milimítà 10, ìlà méjì. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ ṣí orí sí ojú afẹ́fẹ́, ìgbòkun á fa okùn le, okùn á fa ọwọ́ ìtọ́kọ̀ sí apá afẹ́fẹ́, orí ọkọ̀ á padà. Bí ó bá ṣubú kúrò, rọ́bà á fà á bọ̀. Tíúbù ọ̀kadà tí vọ́kánáísà gé náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n oòrùn ń tètè pa á, kó èyí tó pọ̀ dání. Kó o tó so ohunkóhun, tún ìgbòkun ṣe kí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ lè rọ̀. Ọkọ̀ tí ìka méjì kò lè dì mú, rọ́bà kò ní dì í mú.

Oorun: ojú rẹ wà ní mítà méjì sí omi, òpin ojú ọ̀run kò ju máìlì mẹ́ta lọ. Iná ọkọ̀ ńlá lè hàn láti máìlì mẹ́jọ lóru. Ọkọ̀ tó ń sáré máìlì 18 ní wákàtí máa ń jẹ máìlì mẹ́fà ní ogún ìṣẹ́jú. Nítorí náà ogún ìṣẹ́jú ni kó o fi aago sí, má sùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. AIS tó ń sọ ibi tó o wà fún ọkọ̀ ńlá ṣe kókó, kí eriali rẹ̀ wà lórí òpó. Àmọ́ ọkọ̀ apẹja kò ní AIS, òmíràn kò ní iná rárá, nítorí náà ní máìlì 30 àkọ́kọ́, má sùn.

Bátìrì_Álábà

Sólà wáàtì 100, bátìrì lithium 50 Ah, iná orí òpó LED, AIS, rédíò VHF, ó ti tó. Ẹ̀rọ tó ń yí omi òkun di omi mímu, fi sílẹ̀. Ra EPIRB (ẹ̀rọ tó ń fi àmì ewu ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì), kó o forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, bátìrì rẹ̀ ní ọjọ́ ìparí, wò ó. Ìkànnì 16 lórí VHF, ti ìpè ewu, kí ó máa ṣí. Ti àwọn ajínigbé ojú omi: ó ti dín kù sí ti tẹ́lẹ̀, kò tíì tán. Jíjìnnà sí ẹnu odò Ọya tí Bàbá ti sọ ń ṣiṣẹ́ fún ìyẹn náà. Ìwé ọkọ̀, ìwé ìrìnnà, òǹtẹ̀ ìjáde, parí wọn kó o tó gbéra; ọkọ̀ tí kò ní òǹtẹ̀ ìjáde máa ń ní ìṣòro ní ibi tó bá dé.

Atukọ̀_Àgbà

Kò sẹ́ni tó sọ ti ìjì. Oṣù Kẹta sí Karùn-ún, àti Kẹsàn-án sí Kọkànlá, ìlà-oòrùn ló ti ń wá. Àmì rẹ̀: ìkùukùu dúdú kan máa tẹ̀ bí ọrun lójú ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ tó ti ń fẹ́ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn á kú, ojú omi á dákẹ́. Nígbà yẹn gan-an ni kó o sọ ìgbòkun ńlá kalẹ̀ pátápátá, kó o fi èyí tó kéré jù sí iwájú. Má dúró wo bó ṣe máa le tó. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, afẹ́fẹ́ á yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, òjò á tẹ̀lé e. Kọ ìdí ọkọ̀ sí i, jẹ́ kó lé ọ lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ láàárín wákàtí kan sí méjì, ìwọ̀-oòrùn tí ìṣàn ti jẹ lọ́wọ́ rẹ ló sì ń dá padà fún ọ. Gbé korobá síta, omi òjò nìyẹn.

Òjò náà á kún ìsàlẹ̀ ọkọ̀ bí ilẹ̀kùn kò bá dé. Pọ́ọ̀ǹpù méjì, ọ̀kan tí o lè fi ọwọ́ fà láti ibi ìtọ́kọ̀.

ỌmọẸbúté

Bíbọ̀ wálé ńkọ́?

Atukọ̀_Àgbà

Ìrìn rẹ̀ rọrùn, afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn. Wíwọlé ló le, torí etíkun wà níwájú, ìṣàn sì ń tì ọ́ kọjá ẹnu odi. Má fojú sun Èkó. Fojú sun máìlì 15 sí ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, dúró ní máìlì 10 sí òkun títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ṣe é kó o dé ẹnu odi lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán, kí omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kí afẹ́fẹ́ òkun máa tì ọ́. Tí o bá rí i pé o ti kọjá sí apá Èkó Atlantic, má gbìyànjú láti fi agídí padà ní ìtòsí ilẹ̀. Yí sí gúúsù, jìnnà, bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kódà kó gba ọjọ́ kan. Bí omi bá ń jáde, dúró ní ìta.

ỌmọẸbúté

Ẹ ṣé, Bàbá. Ìbéèrè kan péré tó kù: ọ̀dà abẹ́ ọkọ̀. Agolo mélòó?

Káfíńtà_Omi

Abẹ́ ọkọ̀ yẹn á tó mítà onígun mẹ́rin 15. Lítà kan ọ̀dà oníbàbà máa ń kun nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 10. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni kó o kùn ún, nítorí náà agolo lítà méjì ààbọ̀, méjì, á tó, á sì ṣẹ́ kù díẹ̀. Ìyókù, fi kún ibi tí omi ti ń gbá jù: iwájú kíìlì, ìtọ́kọ̀, ìlà ojú omi. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni ìkarahun kéékèèké ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ jù ní Èkó, torí omi ọ̀sà ti níyọ̀. Nígbà òjò, omi tútù á pa púpọ̀ nínú wọn, ewéko tó ń léfòó á wá gba ipò wọn, á dí ìtọ́kọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kó o tó gbéra, wọ inú omi, fi pákó tí kò ní ẹnu mímú ha abẹ́ rẹ̀. Má fi irin ha á, ọ̀dà á bá a lọ.

Kó o kùn ún kó o tó gbé e sínú omi, kó o sì ka ara agolo fún iye ọjọ́ tó lè gbẹ dúró lórí ilẹ̀. Àwọn kan máa ń bàjẹ́ tí wọ́n bá pẹ́ lóòrùn.